Tírélà ẹrù mi: kúlà òde ní Sátidé, ilé ìsùn nínú igbó ní ọ̀sẹ̀ kejì

BàbáÌbejì_Katy (Houston), ọjọ́ Àìkú, 9:40 alẹ́

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Mo ra tírélà.

Nígbà tí mo pe màmá mi n'Íbàdàn láti sọ fún wọn, igbe ni wọ́n fi bọnu. Wọ́n ní ṣé mo ti fi iṣẹ́ nọ́ọ̀sì sílẹ̀ tí mo fẹ́ máa wa ọkọ̀ sìmẹ́ǹtì ni. Ó tó ogún ìṣẹ́jú kí n tó là á yé wọn pé irú èyí kò ní ẹ́ńjìnnì, pé ìdí mọ́tò la máa ń so ó mọ́.

Ohun tó wà nílẹ̀ rèé: àpótí ńlá onírin, ẹsẹ̀ bàtà 6 ní ìbú, 10 ní gígùn, táyà méjì péré, ilẹ̀kùn aláwẹ́ méjì lẹ́yìn, ọ̀kan kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́. Àlòkù ni (n kò lè pè é ní tòkunbọ̀, kò kọjá òkun kankan). Ìyàwó mi ló ní ká rà á. Oúnjẹ òde àríyá ló ń sè, Sienna wa kò sì gba kúlà ìrẹsì, ìkòkò àti àga pọ̀ mọ́. Èmi ní tèmi, láti ọjọ́ tí a ti mú àwọn ìbejì lọ wo ọ̀nì ní ọgbà igbó Brazos Bend, tí mo rí tọkọtaya kan tí wọ́n ṣí ìdí irú tírélà yìí sílẹ̀, tí wọ́n jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n ń mu kọfí, ọkàn mi ò kúrò níbẹ̀ mọ́.

Mi ò fẹ́ ilé aláràbarà. Mi ò fẹ́ ṣáwà, mi ò fẹ́ tẹlifíṣàn. Ibi tí ènìyàn mẹ́rin lè sùn sí láì fi ẹ̀yìn lélẹ̀ ni mo ń wá, tí mo sì lè kó gbogbo rẹ̀ kúrò bí kúlà bá fẹ́ wọlé. Mo ní dírílì, mo ní ayùn, mo ní pláíwúùdù. Ọgbọ́n ló kù. Ẹ là mí lọ́yẹ̀.

Àjàní_Mọ́kọ́lá (Ìbàdàn)

Bàbá Ìbejì, ẹ má bínú o. Ẹ kúrò ní Nàìjíríà nítorí iná, ẹ dé ibi tí iná kì í lọ, ẹ wá ń fi owó yín wá ibi tí kò sí iná? 😂 Bàbá mi sùn ní abà oko fún ọgbọ̀n ọdún, ẹnì kan ò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wọn.

BàbáÌbejì_Katy

Àbúrò, abà náà ni. Táyà ló fi jù ú lọ.

Ẹ̀gbọ́n_Káfíńtà (Atlanta)

Àbúrò mi, kú oríire. Fi dírílì yẹn sílẹ̀ ná.

Ìwọ̀n ni kọ́kọ́. Sienna tó bá ní ohun tí wọ́n fi ń fa ẹrù, 3,500 pọ́ùn ni agbára rẹ̀, ṣùgbọ́n ka ìwé mọ́tò tìrẹ, má gba tẹnu mi. Irú tírélà onítáyà méjì yìí, 2,990 pọ́ùn ni wọ́n sábà máa ń kọ sára rẹ̀ pé tòun tẹrù kò gbọ́dọ̀ kọjá. Bí òfìfo rẹ̀ bá ti tó nǹkan bí 1,200, mélòó ló kù? Omi nìkan, gálọ́ọ̀nù kan 8.34 pọ́ùn. Kẹ́ẹ̀gì onígálọ́ọ̀nù 7 kan tó kún dẹ́múdẹ́mú, bí ẹni gbé ọ̀kan nínú àwọn ìbejì rẹ ni.

Ìkejì, má kan nǹkankan mọ́ ilẹ̀ rẹ̀. Jẹ́ kí n sọ tèmi fún ọ kí ojú má tì mí lásán. Èyí tí mo kọ́kọ́ ṣe fún ara mi, iṣẹ́ káfíńtà ni mo fi ogójì ọdún ṣe, mo sì fẹ́ kí wọ́n rí i. Mo ṣe kọ́bọ́ọ̀dù, mo ṣe bẹ́ẹ̀dì tí mo kàn mọ́lẹ̀, mo fi pláíwúùdù tó nípọn jù lọ bo ògiri, mo kùn ún, ó ń dán. Ó dùn ún wò bí pálọ̀ ìyàwó tuntun. Mọ́tò mi ń mí hẹlẹhẹlẹ bó bá ti rí òkè. Nígbà tí àbúrò ìyàwó mi ń kó ilé, wọ́n ní kí n gbé tírélà wá, àga kan ṣoṣo kò ráyè wọ inú rẹ̀. Ọdún kejì ni mo fi ọwọ́ ara mi tú u.

Ohun tí mo ń ṣe fún àwọn ènìyàn báyìí nìyí. Ra irin gbọọrọ oníhò tí wọ́n ń pè ní E-track. Sọ ọ́ mọ́ ògiri lápá méjèèjì, ọ̀kan ní ìwọ̀n orúnkún, ọ̀kan ní ìwọ̀n àyà. Súkúrù rẹ̀ gbọ́dọ̀ wọ ọ̀pá irin inú ògiri. Bó bá jẹ́ pákó tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn nìkan ló dì mú, ọjọ́ tí o bá tẹ bíréèkì gidi ló máa já. Irin yìí nìkan ni kó wà níbẹ̀ títí ayé. Bélíìtì kúlà ló máa kọ́ mọ́ ọn lọ́jọ́ òde, bélíìtì bẹ́ẹ̀dì ló máa kọ́ mọ́ ọn lọ́jọ́ igbó.

Bẹ́ẹ̀dì náà: àpótí pláíwúùdù mẹ́rin, ìlàjì íńṣì ni kí nínípọn rẹ̀ jẹ́, gíga íńṣì 16, ọlọ́mọrí. To méjì sí ọ̀tún, méjì sí òsì, kó ẹrù sínú wọn. Pákó pẹlẹbẹ mẹ́ta ló máa dábùú wọn láti apá kan dé èkejì, fóómù tí o gé sí mẹ́ta á wá wà lórí rẹ̀. Ẹ máa há díẹ̀, àwọn ọmọ á máa fi ẹsẹ̀ gbá yín. Ṣùgbọ́n bí ìyàwó bá ní kúlà dé, o ò ní nílò sípánà kankan.

BàbáÌbejì_Katy

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun gan-an. Mo ka èyí fún ìyàwó mi, kò tíì parí tó fi sọ pé àpótí mẹ́rin yẹn á gba àwo ìjẹun rẹ̀ dáadáa. Ẹ ti dá ìjà sílẹ̀ fún mi kí n tó ge pákó kan.

Ooru ń kọ́? Texas la wà o. Ṣé kí n lu fèrèsé?

Ìyá_Ọláitan (Leeds)

Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá Ìbejì. Ooru kọ́ ló kọ́kọ́ lé mi jáde, omi ni.

Káráfánù kékeré alòkù ni tiwa. Alẹ́ àkọ́kọ́ tí a fi sùn sí Yorkshire Dales, mo ti gbogbo fèrèsé nítorí òtútù. Nǹkan bí aago mẹ́rin ìdájí, nǹkan kán sí mi níwájú orí. Mo rò pé òrùlé ń jò. Mo tan tọ́ọ̀ṣì, òjò ò rọ̀ rárá! Èémí wa ni. Ó ti lọ di omi lára gbogbo irin àti gíláàsì, ó ń ṣàn bọ̀ bí ìgbà tí ènìyàn ṣí ìkòkò ẹ̀kọ. Abẹ́ fóómù tutù rinrin, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà ó ti hu. Ti òyìnbó tó ní káráfánù ẹ̀gbẹ́ wa ò rí bẹ́ẹ̀, ó ṣí fèrèsé díẹ̀ lókè, ó ṣí ihò kan nísàlẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ní àpótí irin lásán, tiyín á burú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ ṣí ibi tí afẹ́fẹ́ á gbà wọlé nísàlẹ̀, àti ibi tí á gbà jáde lórí. Ẹ má fi fóómù lélẹ̀ tààrà sórí pákó tí kò ní ihò.

Fún àwọn tó wà ní England, Scotland tàbí Wales tó ń ka èyí: láti 16 December 2021, láìsí ìdánwò mìíràn mọ́, láísẹ́ńsì mọ́tò lásán tó láti fa tírélà tó tó 3,500 kg, bí mọ́tò yín bá lè fà á. Ṣùgbọ́n 60 máìlì ni òpin eré yín lórí mọ́tòwéè, ibi tí ọ̀nà bá sì pín sí mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ má gba ti ọwọ́ ọ̀tún pátápátá.

BàbáÌbejì_Katy, ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀lé e

Lónìí ni mo gé òrùlé.

Fáànù orí òrùlé ni mo rà, èyí tí ihò rẹ̀ jẹ́ íńṣì 14 sí 14. Mo ti fi ọjọ́ mẹ́ta wo òrùlé yẹn bí ẹni tó fẹ́ wẹ odò. Mo gun àkàsọ̀, mo lẹ tépù yíká, mo fi bírò fa ìlà sí i, mo wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Mo bọ́ sínú, mo fi ọwọ́ tẹ gbogbo rẹ̀ wò bóyá wáyà iná kọjá níbẹ̀. Mo lu ihò sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Nígbà tí ayùn iná wọlé tí irin bẹ̀rẹ̀ sí í ké, Kẹ́hìndé di etí rẹ̀, Táíwò ń yọ̀. Ìyàwó mi jáde sí ẹnu ọ̀nà gáréèjì pẹ̀lú ọmọrogùn lọ́wọ́, ó wò ó, ó ní, "Ohun tí a fi owó rà." Ó wọlé padà.

Irin náà já bọ́ sínú tírélà gbàgà, ojú ọ̀run yọ. Ìdùnnú tó dé sí mi ò ṣeé sọ.

Mo fi igi ṣe férémù sí abẹ́ ihò náà láàárín ọ̀pá òrùlé méjì kí súkúrù lè rí nǹkan dì mú. Tépù butyl lọ sí abẹ́ fáànù, òun ló rí bí àmàlà tó ti tutù, tó máa ń fún jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ bí súkúrù ṣe ń wọlé. Mo wá da gọ́ọ̀mù òrùlé lé orí súkúrù kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn wákàtí 24 mo fi họ́ọ̀sì rọ òjò lé e lórí. Kò jò. Fún ti ìsàlẹ̀, mo gé ihò kékeré méjì sí ilẹ̀ nítòsí ilẹ̀kùn, mo fi nẹ́ẹ̀tì irin dí i nítorí eku.

Riwáyà_Dallas

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ní ti iná, ẹ má jẹ́ kí wọ́n ta ohun tó ju iṣẹ́ yín lọ fún yín. Bátìrì lítíọ́ọ̀mù kan, irú tí wọ́n ń pè ní LiFePO4, 12V 100Ah. Ìṣirò rẹ̀: 12.8 lọ́nà 100, 1,280 watt-hour, ẹ sì lè lo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo rẹ̀. Bátìrì ásíìdì tó jẹ́ 100Ah, ìdajì rẹ̀ ló yẹ kí ẹ lò kó má baà tètè kú, ó sì wúwo tó méjì irú èyí.

Fáànù yín, bó bá jẹ 2 amp láti alẹ́ dé àárọ̀ fún wákàtí 10, 20Ah nìyẹn. Gílóòbù kékeré àti fóònù ò tó nǹkan. Òpin ọ̀sẹ̀ kan, bátìrì yìí á gbé e délé láì sí sólà rárá. Bí ẹ bá fẹ́ sólà, ẹ ra èyí tí wọ́n ń tẹ́ sílẹ̀, 100 watt, kì í ṣe ti orí òrùlé. Ẹ gbé mọ́tò sábẹ́ igi, ẹ na wáyà, ẹ tẹ́ sólà sínú oòrùn.

Ẹ kó bátìrì, fíúsì àti ojú ìchájì fóònù sínú àpótí kan tó ní ọwọ́. Bí Ẹ̀gbọ́n ṣe wí, kó má kàn mọ́ ibì kankan. Lọ́jọ́ òde, ẹ gbé e síta, òun á tan iná lábẹ́ kánópì ìyàwó yín.

Fíúsì, ẹ dákun: ìdí bátìrì gan-an ni kó wà, kì í ṣe ìdí gílóòbù. Wáyà tó bá bó láàárín ọ̀nà ló ń dáná sunlé. Àti pé LiFePO4 kò gbọ́dọ̀ gba chájì bí òtútù bá ti kọjá 32°F sísàlẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Texas ní February 2021 mọ̀ pé ó ń ṣẹlẹ̀. Ẹ gbé e wọlé nígbà ọ̀yẹ́.

Tọ́lá_Maryland

Ẹ jọ̀ọ́, bí òjò bá ń rọ̀ ńkọ́, ṣé ènìyàn lè gbé sítóòfù wọ inú rẹ̀? Mo ní hítà gáàsì kékeré kan bákan náà, ó ń móoru gan-an.

BàbáÌbejì_Katy

Rárá, àǹtí. Nọ́ọ̀sì ló ń bá yín sọ̀rọ̀ níbí, kì í ṣe bàbá ìbejì. Gbogbo wa la mọ ìdílé tí wọ́n gbé jẹnẹrétọ̀ sẹ́yìn fèrèsé ní Nàìjíríà, tí ilẹ̀ mọ́ tí ẹnì kankan ò jí. Èéfín kan náà ni, CO (carbon monoxide). Kò ní òórùn, kò ní àwọ̀. Eyín iná tí ẹ bá gbé wọlé kó lè máa móoru lẹ́yìn tí ẹ yan ẹran tán burú ju gáàsì lọ. Ẹ ra aago tó ń gbọ́ èéfín CO, ẹ kọ́ ọ sí ẹ̀bá ibi tí orí yín ń wà, kódà bí ẹ ò bá dáná. Mọ́tò aládùúgbò lè máa sún èéfín sí yín.

Ní ti òjò, kánópì òde la máa ń lò, ẹsẹ̀ bàtà 10 sí 10, èyí tí orúkọ ìyàwó mi wà lára rẹ̀. A gbé e sí ẹnu ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, abẹ́ rẹ̀ ni ilé ìdáná.

Àjàní_Mọ́kọ́lá

Ilé ìyàgbẹ́ ńkọ́? Kò sẹ́ni tó ń sọ èyí o.

Ìyá_Ọláitan

Póò! Póò ìyá àgbà gan-an, àmọ́ ti ìsìnyí ní ìdérí, ó sì ní oògùn tó ń pa òórùn. Mo gbé e pamọ́ sí abẹ́ àga kan. Ọmọ mi tó jẹ́ ọmọ ọdún 15 ní òun ò ní lò ó láéláé. Òjò alẹ́ kan ṣoṣo ló yí i lọ́kàn padà.

BàbáÌbejì_Katy, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà

A lọ, a bọ̀. Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ èyí tó ń dá mi níjì kí n tó sọ èyí tó dùn.

Huntsville State Park la ń lọ. Èmi ni mo di ẹrù. Bẹ́ẹ̀dì wà níwájú, ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ló sì rọrùn láti gbé nǹkan gbà, ibẹ̀ ni mo to kẹ́ẹ̀gì omi méjì, kúlà oúnjẹ, kánópì àti gáàsì sí. Ó rí rèterète. A bọ́ sórí òpópónà I-45, a kọjá ìlú Conroe, ọ̀nà dà gẹ̀rẹ́ díẹ̀, mo ń sá 65 máìlì ní wákàtí. Ọkọ̀ ńlá kan kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, afẹ́fẹ́ rẹ̀ gbá wa. Tírélà fì sí ọ̀tún. Ó fì sí òsì. Èyí tó tẹ̀lé e ju ti àkọ́kọ́ lọ, mo sì ń gbọ́ ọ nínú sítíárìn bí ẹni pé ẹnì kan di ìdí mọ́tò mú tó ń mì ín. Ìyàwó mi ò pariwo. Ó kàn di ọwọ́ ilẹ̀kùn mú, ó ń pe Jésù lábẹ́lẹ̀. Mo gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí tìróòtù, mo di sítíárìn mú ṣinṣin, n kò tẹ bíréèkì. Nígbà tí eré lọ sílẹ̀ sí bíi 45, ó rọlẹ̀. A dúró ní ilé epo, mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Kí ni mo ṣe?

Ẹ̀gbọ́n_Káfíńtà

A dúpẹ́ pé o kò tẹ bíréèkì. Ìdí lo di ẹrù sí.

Ẹni tó bá ru igi tí ìdí rẹ̀ wúwo ju orí lọ, ọrùn rẹ̀ ni á máa yí. Ohun tó wúwo, orí táyà tàbí iwájú rẹ̀ díẹ̀ ni kó wà. Ibi tí tírélà ti kọ́ mọ́ bọ́ọ̀lù mọ́tò, ìdá 10 sí 15 nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo ìwọ̀n tírélà ló yẹ kó tẹ̀ ẹ́. Bí tìrẹ bá jẹ́ 2,000 pọ́ùn tòun tẹrù, kó wà láàárín 200 sí 300. Kó má sì ju èyí tí wọ́n kọ sára ohun ìfà mọ́tò rẹ lọ.

Bí o ṣe máa mọ̀ ọ́n: sìkéèlì tí ìyàwó fi ń wo ara rẹ̀ nínú bàlùwẹ̀. Gbé e sí orí pákó lábẹ́ jáàkì iwájú, tú tírélà kúrò lára mọ́tò, jẹ́ kí jáàkì tẹ sìkéèlì náà, kí tírélà dúró ní ọgbọọgba bí ìgbà tó wà lẹ́yìn mọ́tò. Dí táyà pẹ̀lú òkúta kó tó di pé o tú u o! Di ẹrù, wọ̀n ọ́n, gbé kẹ́ẹ̀gì síwájú, tún un wọ̀n. Nígbà tó bá bọ́ sí i, fi máàkà sàmì sí ilẹ̀ ibi tí kẹ́ẹ̀gì wà.

Mo tún fẹ́ bi ọ́: táyà yẹn, ṣé o ka ọjọ́ orí rẹ̀? Wo ara rẹ̀, wàá rí nọ́ńbà mẹ́rin ní ìparí ohun tí wọ́n kọ tẹ̀lé DOT. 2317, ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2017 nìyẹn. Táyà tírélà kì í fi ìjẹ kú, ogbó ni í fi í kú. Ọ̀pọ̀ wọn ni wọn ò sì ṣe fún eré tó ju 65 lọ.

BàbáÌbejì_Katy

Ẹ̀gbọ́n, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde lọ wò ó pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì. 1416. Eyín táyà náà ga bíi tuntun. Ọ̀la ni mo ń pààrọ̀ méjèèjì, màá sì ra ìpààrọ̀ kan lé e.

Sìkéèlì ní 90 pọ́ùn nígbà tí mo tò ó bí mo ṣe tò ó lọ́jọ́ yẹn. Mo gbé omi sí ẹ̀bá ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́, gáàsì lọ sí ìta níwájú, kúlà dé orí táyà. 230. 

Èyí tó dùn: igi páìnì yí wa ká, adágún wà nísàlẹ̀. Fáànù ń fa afẹ́fẹ́ láti ihò ilẹ̀ jáde sókè, a fi aṣọ bora ní òru. Àárọ̀, ìyàwó mi yan bọ̀ọ̀lì lórí iná, òyìnbó méjì wá bi wá pé irú ọ̀gẹ̀dẹ̀ wo nìyẹn. A padà síbẹ̀ lálẹ́, ẹranko igbó kan tí wọ́n ń pè ní raccoon ti ṣí kúlà, ó ti jẹ gbogbo ẹja díndín, kò fọwọ́ kan sàláàdì.

Olóúnjẹ_Katy

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin bàbá àti ìyá wa. Èmi ni ìyàwó tí wọ́n ń sọ láti òkè wá, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ forúkọ sílẹ̀ níbí nítorí ọ̀rọ̀ ọmọrogùn yẹn.

Ẹ̀gbọ́n Káfíńtà, mo kí yín. Àpótí yín dára, mẹ́ta nínú mẹ́rin ti di tèmi. Àmọ́ fóómù ń gbóòórùn ata díndín, ìrẹsì mi ò sì gbọdọ̀ gbóòórùn fóómù. Mo ti rán àpò oníṣíìpù fún fóómù náà. Ilẹ̀ tírélà náà, pákó lásán ni, òróró ti kán sí i lẹ́ẹ̀kan. Mo ní kí Bàbá Ìbejì ra rọ́bà ìtẹ́lẹ̀ tó ṣeé ká, kí a lè fi họ́ọ̀sì fọ̀ ọ́ níta. Wọ́n ní ó wúwo. Mo ní kí wọ́n gbé e lé sìkéèlì: 38 pọ́ùn. Wọ́n dákẹ́.

Mo fi fóònù ka àsìkò tí a fi kó bẹ́ẹ̀dì jáde ní Jímọ̀ tó kọjá: ìṣẹ́jú 11, èmi pẹ̀lú àwọn ìbejì, Bàbá Ìbejì ṣì wà níbi iṣẹ́. Sátidé yìí ìgbéyàwó ni ní Stafford, kúlà 14. Ọ̀sẹ̀ kejì rẹ̀ ló kan igbó. Bàbá Ìbejì, ẹ gbé fóònù yẹn sílẹ̀ kí ẹ wá bá mi di kúlà, èyí tó wúwo ń bẹ nídìí.